Pupa Wo Lo Wí?

Ètò ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ní ká ṣe. Ìlú wa àti gbogbo abúlé tó yí i ká ni: ibi tí àwọn ènìyàn máa gbé, ibi tí wọ́n ti máa rí iṣẹ́ ṣe, ibi tí ọ̀nà máa gbà, àti ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kí oko àti igbó lè máa wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ọgbọ̀n ọdún? Èmi ò tíì mọ ohun tí n ó jẹ lálẹ́ òní.”

Káfíńtà ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà níwájú ilé tí wọ́n bí mi sí, ayùn rẹ̀ ló sì ń jí gbogbo àdúgbò. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò pète ohunkóhun tó kọjá ọ̀la mọ́. Bí ẹ bá ní kó bá yín kan àga tí ẹ fẹ́ gbà ní Sátidé, á ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí Sátidé ná.” Àga náà á sì ti parí ní Ọjọ́bọ̀, nítorí bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ló kàn ti sú u.

Èmi ni mo ń ya máàpù ní ọ́fíìsì tó ń ṣe ètò náà. Yàrá gbọọrọ kan ni, tó kún fún tábìlì àti bébà, tí fáànù kan ń yí lókè orí wa bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Bí fáànù yẹn bá ṣèèṣì yí dáadáa, gbogbo ìwé á fò, àwa àgbàlagbà á wá máa sáré lé bébà kiri. Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tí kì í fẹ́ ìjàngbọ̀n, ó sì ní òfin kan tó máa ń tẹnu mọ́ láràárọ̀: ohun tó wà lórí máàpù ò gbọdọ̀ jáde kúrò ní yàrá yìí kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé. Ó mọ ohun tó ń sọ. Bí àwọn tó ń ra ilẹ̀ pamọ́ bá gbọ́ ibi tí ọ̀nà máa gbà lónìí, kó tó di ọ̀la wọ́n á ti lọ ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ẹni tó tà á ò sì ní mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Mo pa òfin náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹ máa tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ dá mi lẹ́bi. Èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi. Èdè wa ló jẹ̀bi.

Àwọ̀ ni a fi ń ya máàpù. Ibi tí oko àti igbó máa wà, a kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, fún ilé ẹ̀rọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, a kùn ún ní àwọ̀ aró. Ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n á sì máa gbé lọ, yẹ́lò ni. Ibi tí ọ̀nà ńlá máa gbà, tí àwọn ilé ibẹ̀ máa di wíwó, ìyẹn la kùn ní pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Àdúgbò wa bọ́ sínú yẹ́lò. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀ o, àwọn tó jù mí lọ ló pinnu rẹ̀, tèmi kàn ni kí n kùn ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń kùn ún, mo ń kọrin lábẹ́nu títí ọ̀gá fi bi mí bóyá ara mi yá.

Bàbá mi ò yé bi mí léèrè. Bí mo bá lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú, á ní, “Ọ̀gá Máàpù, kí lẹ fẹ́ fi wá ṣe?” Èmi á ní wọn ò ní kí n sọ. Á ní, “Fún èmi bàbá tó bí ẹ?” Èmi á ní pàápàá jù lọ fún bàbá tó bí mi. Lọ́jọ́ kan, ó gba ibòmíràn yọ.

“Mi ò ní kó o sọ nǹkan kan fún mi. Àwọ̀ nìkan ni mo bi ẹ́. Àwọ̀ kì í ṣe àṣírí. Àwọ̀ wo lẹ kùn wá?”

Mo rò ó wò. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ àwọ̀ kankan níta. Bí mo bá sọ ọ́, ọkàn bàbá á balẹ̀, èmi náà ò sì ní tíì rúfin.

“Pupa ni,” mo dá a lóhùn. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i kí ó lè mọ̀ pé ohun rere ni.

Ó dáa. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ni ìyá yín ń pe ọsàn tó pọ́n? Pupa. Bíríkì ńkọ́? Pupa. Obìnrin tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Pupa ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ti jọ bíríkì. Ìyá tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, àwọ̀ mẹ́ta péré ló mọ̀: funfun, dúdú, àti pupa. Gbogbo àwọ̀ yòókù láyé yìí, ó ní kí wọ́n lọ wá ibi wọ̀ sí nínú mẹ́ta náà. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Bí mo bá wà ní ọ́fíìsì, yẹ́lò ni mo ń pe yẹ́lò. Bí mo bá ti dé ilé wa, ahọ́n mi á bọ́ bàtà, gbogbo rẹ̀ á di pupa.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni rédíò gbé e. Ọ̀gá wa ló fọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kí nǹkan má baà bá àwọn ènìyàn lójijì. Wọ́n ní ìpàtẹ máàpù ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, kí gbogbo ènìyàn wá wò ó, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Wọ́n ní kí àwọn tí ilé wọn bọ́ sí ibi pupa má bẹ̀rù, wọ́n máa rí ibòmíràn, àti pé àyè tó fẹ̀ ń bẹ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn odò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ń yin olóòtú náà nínú ọkàn mi pé ó kà á já gaara. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, tí mo bá tèmi lọ.

Iṣẹ́ ìpàtẹ yìí kò jẹ́ kí n ráyè lọ sílé fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí mo wá lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Wọ́n ti gbá ṣọ́ọ̀bù bàbá mi mọ́ tónítóní. Ibi tí èérún igi máa ń ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ti di ilẹ̀ gbalasa. Àwọn pákó ti wà ní ìdì-ìdì, ayùn ńlá ti wà nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo rà fún un tipẹ́tipẹ́ tó ní ó ti dán jù, ó sì ń súfèé. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi súfèé láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi.

“Bàbá, ẹ kúulé o. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Jókòó,” ó ní. “Mo ti ṣe ètò.”

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu bàbá mi rí nìyẹn.

Ó ní ìgbà tí mo ti sọ pé pupa ni wá, tí rédíò sì ti sọ ohun tí pupa jẹ́, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òun ti sin aya, wíwó ṣọ́ọ̀bù wá lè pa òun bí? Ni òun bá dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun wọ bọ́ọ̀sì, òun lọ wo ilẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn odò.

“Koríko ni. Koríko àti ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́jú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ síbẹ̀.”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ lọ?”

Ó yọjú wo ìta kó tó dáhùn. “Èmi àti Ìyá Aránṣọ.”

Ìyá Aránṣọ ni aládùúgbò wa, ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Opó ni. Ó ń ránṣọ ní pálọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò gbọ́ kí òun àti bàbá mi jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má jà nítorí ariwo: òun á ní ayùn ò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí, bàbá á ní máṣíìnì ìránṣọ ò jẹ́ kí òun sun oorun ọ̀sán. Mo ti rò pé ìjà ni. Ọmọ kì í mọ nǹkan kan.

Bàbá mi sún mọ́ mi. “Àwa méjèèjì dúró nínú koríko yẹn. Mo ní, Ìyá Aránṣọ, bí wọ́n bá máa kó wa débí, kí la tún fẹ́ fi ògiri sáàárín ṣe? Ẹ jẹ́ ká kọ́lé kan ṣoṣo.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí n má gbé ayùn sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí àwọn á máa sùn.” Ó ń wo ojú mi. “Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni ni, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì tún dùn mọ́ mi. Ó dùn mí nítorí ìyá mi, nítorí mo ti rò pé ààyè rẹ̀ á máa ṣófo títí láé ni. Ó dùn mọ́ mi nítorí pé ọkùnrin tó jókòó níwájú mi yìí ní ohun tó ń retí. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi kí i kú oríire ni ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí.

“Ẹ dúró ná. Kí lẹ ní wọ́n kùn wá?”

“Pupa. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́.”

“Pupa wo?”

“Pupa mélòó ló wà?”

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo tún dákẹ́, nítorí òun ò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, yẹ́lò ni mo wí. Yẹ́lò! Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó nǹkan kan níbí. Ẹ lè máa rẹ́ igi yín níbí títí ẹ ó fi gbó.”

Mo rò pé ó máa fò sókè. Ńṣe ló jókòó sórí ìdì pákó kan, ó fọwọ́ lérán.

“Kí wá ló dé tí o ò sọ pé yẹ́lò?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lédè.”

“Ìyá ẹ ló kọ́ ẹ,” ó ní, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún fà ro. “Ṣó o mọ̀ pé nítorí wíwó yẹn ni wọ́n ṣe gbà? Ẹni tí ò nílé mọ́ ni wọ́n rò pé àwọn jẹ́. Bí kò bá sí wíwó, kí ni mo fẹ́ wá sọ fún wọn? Pé kí wọ́n kàn máa bọ̀ wá bá mi gbé? Ní ọjọ́ orí mi yìí?”

“Ohun tí ẹ máa sọ gan-an nìyẹn.”

“Bí wọ́n bá wá ní rárá ńkọ́? Ara ògiri kan náà la wà. N ó máa gbọ́ máṣíìnì wọn lójoojúmọ́, n ó sì máa rántí pé wọ́n gbà, wọ́n sì tún gbà á padà.” Ó wojú ìta, ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. “Ọ̀gá Máàpù. Ṣé o ò lè bá wa kùn ún ní pupa? Díẹ̀ báyìí. Ilé méjì péré ni mo bẹ̀ ẹ́.”

Ẹ gbọ́ mi o! Gbogbo ìlú ló ń wá ẹni tó mọ ẹni tó lè yọ wọ́n kúrò nínú pupa, bàbá tèmi ń bẹ̀ mí kí n ti òun sí i. Kí n wó ilé tí wọ́n bí mi sí nítorí pé ojú ń ti àgbàlagbà láti bá obìnrin sọ̀rọ̀! Mo bínú, mi ò purọ́. Mo ní kó lọ sọ òtítọ́ fún Ìyá Aránṣọ kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé. Ó ní òun á sọ ọ́.

Kò sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàtẹ: Ìyá Aránṣọ ló ṣíwájú, ó ń kí tọ̀tún-tòsì, bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí bàtà ń pa.

Gbọ̀ngàn ti kún. A ti gbé máàpù àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ́ ara pátákó, èmi sì dúró tì wọ́n láti dáhùn ìbéèrè. Ọkùnrin kan ní kí n fi ilé òun han òun. Mo fi hàn án. Ó ní kò lè kéré tó bẹ́ẹ̀, kí n tún un wò. Olùkọ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ máa wà fún àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Mo fi ibi tó ní àwọ̀ aró hàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi lákòókò yẹn. Nígbà tí mo sì yíjú, Ìyá Aránṣọ ti dé iwájú pátákó tiwa.

Ó ti wọ awò ojú tó fi ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Ó fi ìka tọ ọ̀nà láti ẹnu ọjà, ó kọjá ilé ẹ̀kọ́, ó yà sí òpópónà wa, ìka rẹ̀ sì dúró.

“Ṣé ilé wa rèé?”

“Òun ni, mà.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe pupa?”

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àjà.

“Yẹ́lò ni, mà,” mo ní. “Wọn ò ní wó o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni Bàbá gbọ́ sódì.”

Ó bọ́ awò náà, ó kọjú sí bàbá mi. “Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ó ṣe díẹ̀,” bàbá mi ní.

“Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò mí tí mò ń tú tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ? Ẹ tún bá mi di ẹsẹ̀ tábìlì náà lókùn!”

“Mo fẹ́ sọ ọ́.”

“Ìgbà wo? Ọgbọ̀n ọdún sí i?”

Àwọn tó wà nítòsí ti ń ṣe bí ẹni pé máàpù ni wọ́n ń wò. Ìyá Aránṣọ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ bàbá mi, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀ mọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, Bàbá Káfíńtà, ẹ má sì purọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi nínú koríko lọ́jọ́ yẹn, ṣé ti pupa ni, àbí tiyín?”

Mo ń fi ojú bẹ bàbá mi pé kó má sọ pé kí àwọn kọ́kọ́ rí ọ̀la ná.

“Tèmi ni,” ó ní. “Ó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Pupa ló kàn tì mí.”

Ìyá Aránṣọ fi awò ojú rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ jókòó sí orí ìlà àga tó wà níwájú pátápátá, ó dojú kọ orí pèpéle. Bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí i tó ń fọwọ́ nu orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ọ̀gá wa gba gbohùngbohùn, ó ṣàlàyé ètò náà, ó wá ní kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ ká tún ṣe nawọ́. Ọ̀pọ̀ ló nawọ́. Àwọn kan ò fẹ́ ọ̀nà ńlá lẹ́yìn ilé wọn, àwọn kan ní kó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá. Ẹnì kan bi wá pé ìgbà wo ni iná máa dé, ọ̀gá sì ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka tiwa. Nígbà tó yá, mo rí ọwọ́ bàbá mi lókè.

“Ẹ̀yin ọ̀gá,” ó ní bí ó ti dìde, “ìlà kan wà lórí máàpù yín, láàárín ilé tèmi àti ilé Ìyá Aránṣọ tó jókòó yìí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi pa á rẹ́, kí ó di ilé kan. Ìyẹn bí wọ́n bá gbà o. Bí wọn ò bá gbà, kí ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní bínú.”

Ọ̀gá wò mí. Mo wo bàtà mi. Ọ̀gá túnra mú, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bá ẹni tó ṣìnà sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú, ètò ọgbọ̀n ọdún la wá jíròrò níbí. Èyí tí ẹ sọ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún.”

Ìyá Aránṣọ dìde, ó ṣán aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí i.

“Kí ló dé?” ó ní. “Ṣé ẹ rò pé àwa méjèèjì ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?”